Ọwọ́ Tí Ìgò Ń Gbà Kọjá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìgbà yìí kò rọrùn láti sọ, nítorí pé ó kan ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìbéèrè náà nìyí: obìnrin tí ó ń ta bíà àti ọtí líle, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó wà ní ipò olórí nínú ẹgbẹ́ wa? Bí ẹ bá sì ní kò yẹ, ǹjẹ́ ó yẹ kí a máa gba owó ìkórè lọ́wọ́ rẹ̀?

A kò dédé gbé ìbéèrè yìí dìde. Ní Àgbàdo níhìn-ín, láti ibùdó reluwé títí dé Ìjókò, ẹ kò lè rìn jìnnà kí ẹ má rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n to kíréètì jọ síwájú rẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ó jókòó síbẹ̀. Opó wà nínú wọn. Ìyàwó òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí owó ìfẹ̀yìntì kì í dé bọ̀rọ̀ wà nínú wọn. Arábìnrin kan sọ fún wa pé bí òun bá kó míníràlì àti omi nìkan sí ṣọ́ọ̀bù, èrè tí òun yóò rí kò ní tó san owó ilé ìwé ọmọ méjì. Bíà ni ó gbé ṣọ́ọ̀bù ró. A kò bá a jiyàn, nítorí pé ẹni tí ó bá ń ná ọjà mọ̀ pé òótọ́ ni. Arábìnrin mìíràn dá a lóhùn pé owó tí ó ti inú omijé ìyàwó ọ̀mùtí jáde kò lè ṣe ilé Ọlọ́run lóore. A kò bá òun náà jiyàn, nítorí pé a ti jókòó ti irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ rí, a sì ti rí ojú tí ó wú. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìgò náà ti ń bọ̀ àti ọwọ́ tí ó ń gbà kọjá.

Bí a bá fi Àgbàdo ṣe àárín, ilé iṣẹ́ ọtí ló yí wa ká. Ní ìhà Èkó, Nigerian Breweries tí a dá sílẹ̀ ní 1946 ṣe ìgò Star rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Ìgánmú ní oṣù Kẹfà ọdún 1949. Guinness ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962. Ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí wa rárá, ni Intercontinental Distillers ti ń ṣe jíìnì Chelsea. Ní Iléṣà, ilé iṣẹ́ tí olóògbé Lawrence Ọmọ́lẹ̀ jẹ́ aṣáájú ìdásílẹ̀ rẹ̀, International Breweries, bẹ̀rẹ̀ sí pọn bíà ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, Trophy sì ni orúkọ tí ó gbé jáde. Lónìí ilé iṣẹ́ náà wà lábẹ́ AB InBev ti òkè òkun, àwọn náà ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn sí Ṣágámù ní 2018. Ti ẹlẹ́rìndòdò náà kò kẹ́yìn. Coca-Cola ti ń jáde ní Èkó láti 1953; Seven-Up ṣe ìgò tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an; Rite Foods tí ó wà ní Òṣòsà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde sì gbé Bigi jáde ní 2016.

Gbogbo èyí ni ó ń gba títì kọjá. Tírélà tí ó ti Iléṣà tàbí Ṣágámù bọ̀ yóò gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, yóò kọjá ní Mówé àti Ìbàfò, ní ọ̀nà kan náà tí àwọn èrò ìpàgọ́ àdúrà ń gbà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. (Ẹni tí ó bá ti dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ibẹ̀ rí mọ̀ pé a máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa pẹ́ títí, àwa pẹ̀lú Bíbélì wa, wọ́n pẹ̀lú kíréètì wọn.) Èyí tí ó ti Ọ̀tà bọ̀ yóò gba Ṣàngó, èyí tí ó ń lọ sí Abẹ́òkúta yóò gba Ìfọ̀. Inú ọkọ̀ kan náà ni bíà àti Maltina sábà máa ń wà. Ẹni tí ó ń já ẹrù kò bi páálí léèrè bóyá ó ń pani.

Ilé iṣẹ́ kì í ta fún àwa tí a wà ní kọ̀rọ̀. Ó ní àwọn alágbàtà ńlá tí wọ́n ti fi owó gọbọi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ni tírélà ń já ẹrù fún. Alágbàtà ńlá ń ta fún oní-dípò. Oní-dípò ń fi ọkọ̀ kékeré tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá pín in fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù ń tà á fún ẹni tí ó ń se ata ẹran ìgbẹ́, fún ẹni tí ó ní ilé ọtí, fún ẹni tí ó gbé ike sórí lọ sí gáréèjì, àti fún ẹni tí yóò mu ún. Ìgò òfìfo sì ń padà ní ọ̀nà kan náà, nítorí pé bí ẹ kò bá ní òfìfo lọ́wọ́, wọn kò ní fún yín ní èyí tí ó kún láìjẹ́ pé ẹ san owó ìgò. Òfìfo yìí ni olú owó ọ̀pọ̀ obìnrin. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ míníràlì bẹ̀rẹ̀ sí fi ike rọ́pò ìgò, a rí àwọn tí kíréètì àádọ́ta di igi ìdáná mọ́ lọ́wọ́, tí kò sí ẹni tí ó bá wọn kẹ́dùn. Bíà kò tíì fi ìgò sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan nìyẹn tí àwọn tí ń bẹnu àtẹ́ lu àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í rò: ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú ìgò bíà kò lè déédéé jí lọ́jọ́ kan kí ó sọ pé òun ti yí padà sí aṣọ títà.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ pé awakọ̀ kan mu ọtí ní gáréèjì, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú kòtò, ènìyàn sì kú. Ta ni ó jẹ̀bi? Bí ẹ bá bi ilé iṣẹ́, wọn yóò ní àwọn kọ ọ́ sára ìgò pé kí ẹni tí kò tí ì pé ọdún méjìdínlógún má mu, àti pé kí a rọra mu. Bí ẹ bá bi awakọ̀ tírélà, yóò ní ẹrù ni òun gbé. Alágbàtà yóò ní òun kò rí ọ̀mùtí náà sójú rí. Oní-ṣọ́ọ̀bù yóò ní òun kò fi ipá bu ọtí sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọwọ́ mẹ́fà tàbí méje ni ìgò náà gbà kọjá, gbogbo wọn ló mọ́.

Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, a mọ irú ẹjọ́ yìí dáadáa. Gíláàsì fèrèsé á fọ́, a ó pe àwọn ọmọ. Ọ̀kan á ní òun kàn mú bọ́ọ̀lù wá sí ilé ìwé ni. Èkejì á ní òun jù ú sí ẹnì kẹta. Ẹnì kẹta á ní òun yẹ̀ ẹ́ ni, ta ni kì í yẹ bọ́ọ̀lù tí ó ń bọ̀ wá bá a lójú? Bí a bá na gbogbo wọn, ẹni tí ó mú bọ́ọ̀lù wá láti ilé yóò jìyà ohun tí kò ṣe. Bí a kò bá na ẹnikẹ́ni, a ti kọ́ wọn pé bí ọwọ́ bá pọ̀ nínú nǹkan, ẹ̀bi rẹ̀ ti pòórá nìyẹn. Ohun tí a máa ń bi wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé: níbi tí ìwọ dúró sí, kí ni o rí? Ṣé o rí fèrèsé? Ṣé o lè dá ọwọ́ dúró?

Ìbéèrè méjèèjì yìí ni a rò pé ó yẹ kí a gbé lé ọ̀rọ̀ ọtí. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹ wo bí òwe náà ṣe jinlẹ̀ tó. Kò ní ẹni tí ó gun àjà kò jalè o. Ó ní ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan àjà, tí ó ní àyè láti wò yíká kí ó tó na ọwọ́, òun ni ó burú jù. Ẹni tí ó rí nǹkan kedere tí ó sì lè sọ pé rárá, ẹ̀bi rẹ̀ wúwo.

Bí a bá fi èyí wọn ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní 1988 ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé láti òkè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ bíà sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni àgbẹ̀ òkè Ọya ti ń gbin ọkà tí yóò di bíà ní Iléṣà tàbí Ìgánmú. Ta ni yóò sọ pé àgbẹ̀ yẹn ni ó pa èrò ọkọ̀ ní Ìfọ̀? Ọkà kan náà ni wọ́n fi ń ro tùwó. Vọkanáísà tí ó lẹ táyà tírélà kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí a kọ́ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n wá di òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, tí owó oṣù wọn ń tọ́jú ìyá wọn láàárín wa, a kò lè sọ pé gbogbo wọn ni ọwọ́ wọn kún fún ẹ̀jẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá jẹ̀bi bákan náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ti di ẹ̀fẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin tí ó jókòó sí gáréèjì ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ pẹ̀lú páràgà nínú ike. Awakọ̀ dánfó ni oníbàárà rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ní orúkọ. Ó ń rí ọkọ̀ náà níwájú rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ẹni tí ó ń pe èrò Ṣàngó, ó ń rí ìyá tí ó pọn ọmọ wọlé sẹ́yìn. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilé iṣẹ́ ọtí tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ bí òun ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá bu páràgà náà fún un, ó fojú ara rẹ̀ rí fèrèsé kí ó tó ju bọ́ọ̀lù. Àwọn kan ń pe páràgà ní egbòogi, nítorí pé ewé àti egbò wà nínú rẹ̀. Ewé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ògógóró tí wọ́n fi rẹ ẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ẹlòmíràn tí ó ta ìgò bíà kan fún bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí bàbá náà gbé e lọ sílé láti mu ún pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀, tí ó sì sùn. Ọjà kan náà ni, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ láti inú kíréètì kan náà, lórí tírélà kan náà. Iṣẹ́ tí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ń ka orúkọ ọjà nìkan kò lè rí ìyàtọ̀ yìí, yóò sì lé ẹni tí kò yẹ kí ó lé.

Ṣé ẹni tí ó jìnnà kò jẹ̀bi nígbà náà? Ibí ni a ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ. Nǹkan kan wà tí a ń fi ojú rí, òmíràn wà tí a ń fi ìṣirò rí. Ẹni tí ó ń ṣe ọtí inú ọ̀rá kò rí awakọ̀ náà sójú, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó sì ṣe ìṣirò: báwo ni a ó ṣe dín ọtí líle kù títí owó rẹ̀ yóò fi bá owó inú àpò ọlọ́kadà mu, tí yóò wọ àpò ẹ̀wù, tí a lè fi eyín ya á, tí ọmọ ilé ìwé lè tọ́jú sáàárín ìwé? Ẹni tí ó ṣe ìṣirò yìí rí fèrèsé dáadáa. Ó ti mọ ẹni tí ó fẹ́ tà á fún kí ó tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé iwájú ìjọba. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera, NAFDAC àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣe ọtí jọ fọwọ́ sí àdéhùn pé ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kékeré tí kò tó 200 mílílítà yóò kúrò lọ́jà díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì parí ní òpin oṣù Kìíní ọdún 2024. Nígbà tí ó di oṣù Kejì ọdún 2024 tí NAFDAC fẹ́ mú un ṣẹ, ariwo ta. Àwọn ilé iṣẹ́ ní owó àwọn yóò ṣòfò, àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún un síwájú di òpin 2025. A kò fi iṣẹ́ tí ó ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn ṣeré. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ni ọmọ wa wà. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n ní láti múra sílẹ̀. Tanzania ti fòfin de irú ọtí bẹ́ẹ̀ ní 2017, Uganda ní 2019, a kò sì gbọ́ pé ilẹ̀ náà parẹ́.

Kí a má sì rò pé ohun tí ìjọba bá gbà láyè ni ó dára. Ìtàn ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí a rò bẹ́ẹ̀. Reluwé tí ó gba Àgbàdo yìí kọjá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe láti Èkó ní 1896 tí ó sì dé Ìbàdàn tí wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹta ọdún 1901, ẹrù tí ó ń gbé lọ sí òkè pọ̀, àpótí jíìnì òyìnbó sì wà lára wọn. Láti Hamburg àti Rotterdam ni jíìnì yẹn ti ń wá. Owó tí ìjọba àwọn òyìnbó ń gbà lórí rẹ̀ ní èbúté ju ìdajì gbogbo owó ibodè gúúsù Nàìjíríà lọ nígbà náà. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ti ìjọ Áńgílíkà pariwo títí, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1909. Ìgbìmọ̀ náà ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé ọtí náà ń ba àwọn ènìyàn jẹ́. Ṣé ẹ rò pé ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lè rí ẹ̀rí tí yóò gé owó ìjọba sí méjì? Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí àwọn ènìyàn wa mọ bí a ti ń se ògùrọ̀ di ògógóró, ìjọba kan náà tí ó ní jíìnì kò pa ẹnikẹ́ni lára bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn tí ń ṣe ògógóró sẹ́wọ̀n. Wọ́n ní ó léwu. Èyí tí ó san owó ibodè ni kò léwu.

Kì í ṣe pé ògógóró kò léwu. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ènìyàn tí ó ju mẹ́wàá lọ kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ojú wọn kọ́kọ́ ṣókùnkùn, orí fọ́ wọn, wọ́n sì lọ. Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé wádìí rẹ̀, májèlé tí wọ́n ń pè ní methanol ni wọ́n bá nídìí rẹ̀, láti inú ògógóró tí wọ́n mu. Ẹni tí ó mu ún kò lè fi ojú tàbí imú mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó rà á láti ibi tí kò mọ̀, tí ó sì tà á fún aládùúgbò rẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ dínkù, òun ni ó yẹ kí ó béèrè.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, kí ni a ń rò sí? Ìjọ wa ti ní òfin. Òótọ́ ni. Nígbà tí John Wesley kọ ìlànà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1743, ó ka ìmutípara, àti rírà, títà tàbí mímu ọtí líle mọ́ ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe, àyàfi bí ó bá di dandan gidigidi. Ẹ kíyè sí i pé ó dárúkọ títà pẹ̀lú mímu. Nínú ìwàásù rẹ̀ lórí bí a ṣe ń lo owó, àwọn tí ń ta á ni ó kọjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí jùlọ, ó sì bá wọn wí kíkankíkan. Ṣùgbọ́n ọtí líle tí a sè ni ó ń bá wí. Wesley fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí kò fi ẹnu kan bíà tàbí wáìnì. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ fi orúkọ Wesley lé oní-bíà jáde ní láti kọ́kọ́ lọ ka Wesley.

Àwọn Methodist tí ó tẹ̀lé e lo ọgbọ́n mìíràn tí ó wù wá púpọ̀. Ní 1869, ní Vineland ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn eyín kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Methodist, Thomas Welch, gbé omi èso àjàrà kaná kí ó má baà di ọtí, kí àwọn ará lè rí ohun tí kì í pani lò nídìí tábìlì Olúwa. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ wá di òwò ńlá. Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò fẹ́ ọtí náà lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

Kí inú wa má sì dùn jù nípa míníràlì. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba náírà mẹ́wàá lórí lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ó ní ṣúgà, ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sọ sì ni àtọ̀gbẹ àti àìsàn tí sísanra jù ń fà. Àwa ìyá tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: mélòó nínú wa ni dókítà ti kìlọ̀ fún? Bẹ́ẹ̀ ni ní ibi ìsìnkú àti ìkórè, a ó to ìgò méjì síwájú ẹni kan, bí kò bá mu ún a ó ní kò bọ̀wọ̀ fún wa. Ẹni tí ó gbé e wá mọ̀ pé ara ìyá yẹn kò gbà á. Ó rí i.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí gbogbo oníṣòwò máa ń sọ: bí èmi kò bá tà á, ẹlòmíràn yóò tà á. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí a fi ìbínú dáhùn. Bí arábìnrin kan ní gáréèjì bá kọ̀ láti ta fún awakọ̀, awakọ̀ yóò sọdá títì. Ṣùgbọ́n ó ti rí ènìyàn kan ní òwúrọ̀ yẹn tí ó wò ó lójú tí ó sì sọ pé, "Bàbá Rísì, ẹ ò ní mu èyí kí ẹ tó gbé èrò." Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Bí àwọn márùn-ún tí wọ́n jókòó ní ìlà kan náà bá sì fi ohùn ṣọ̀kan, ọ̀nà tí awakọ̀ yóò rìn kí ó tó rí ọtí ti gùn sí i. Ìwà ọ̀mùtí a máa tẹ̀lé bí ọ̀nà ṣe gùn sí. A mọ ọkùnrin kan tí ó dín ọtí kù kìkì nítorí pé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ kó lọ sí Alákukọ.

Nísinsin yìí, ohun tí a rò nípa ipò olórí. A kò rò pé ó yẹ kí a máa wo ohun tí ó wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù arábìnrin nìkan. Kí a bi í léèrè ohun tí ó máa ń kọ̀ láti tà. Ṣé ó ń ta fún ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ó ń ta fún ọmọdé tí wọ́n rán? Ṣé ó ń ta fún ẹni tí ó ti mu yó tí ìyàwó rẹ̀ sì ti wá bẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì? Ṣé ọtí inú ọ̀rá so rọ̀ níwájú rẹ̀ bí àṣọ̀kà? Ẹni tí ó lè kọ èyí tí ó sì ń kọ̀ ọ́, tí ó ń pàdánù owó lórí rẹ̀, a rò pé ó mọ ohun kan nípa ìdarí tí púpọ̀ nínú àwa tí a kò ta ohunkóhun kò mọ̀. Ẹni tí kì í kọ ohunkóhun, ìbáà jẹ́ páràgà "egbòogi" nìkan ni ó ń tà, kí ó jókòó ná.

Ní ti owó ìkórè, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Bí a bá sọ pé owó rẹ̀ dára tó láti fi kan òrùlé, a kò lè sọ pé òun fúnra rẹ̀ kò dára tó láti jókòó ní iwájú. Bí a bá sì sọ pé òwò rẹ̀ bà á jẹ́, kí akápò lọ ṣí ìwé, kí ó sì dá owó rẹ̀ padà fún un, pẹ̀lú ti ọdún tí ó kọjá. A fẹ́ rí ẹni tí yóò dá àbá yẹn ní ìpàdé.

Ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa. Arábìnrin tí a bá sọ fún pé kí ó kó ọtí inú ọ̀rá kúrò yóò pàdánù owó lójoojúmọ́, àwa kò sì ní pàdánù kọ́bọ̀ kan. Kò tọ́ kí ẹni tí kò san ohunkóhun máa pàṣẹ. A ní àpótí àfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó. A rò pé ó yẹ kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, láìgba èlé fún oṣù mẹ́fà, fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi nǹkan mìíràn rọ́pò èyí tí ó kó kúrò: omi tútù, zóbò, kúnú, ìrẹsì, ohunkóhun tí àdúgbò rẹ̀ ń rà. Àwọn tí ó wà nítòsí gáréèjì ni kí ó kọ́kọ́ kàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, tí kò sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, kí ó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. A kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú pátákó.